Ohùn Tó Wà Lẹ́nu Èyítáyọ̀

Nígbà tí Misturah kà á sókè lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ dá Èyítáyọ̀ olóhùn iyọ̀ lọ́lá ní Jabi, Àlímátù gbé ife ògì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ohùn ta ni?"

Àlímátù ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ilé ọmọ rẹ̀ ní Life Camp ló ń gbé, Misturah sì ni ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí n gbé òótọ́ pé ohùn yín ni sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Rárá. Gbé mi lọ síbẹ̀. Níṣojú ẹ̀ ni mo ti máa sọ ọ́."

Nígbà èwe wọn ní Ìbàdàn, Àlímátù ló máa ń kọrin fíìmù sínú ẹ̀rọ. Bó bá yá, Èyítáyọ̀ á dúró níwájú kámẹ́rà, á máa ṣẹnu tẹ̀lé e bí ẹni pé òun ló ń kọ ọ́. Orúkọ Èyítáyọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sára pátákó. Ó dun Àlímátù, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, orin náà ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń ṣe fíìmù mú olórin mìíràn wá rọ́pò Àlímátù. Èyítáyọ̀ di ẹrù rẹ̀.

"Bí kì í bá ṣe Àlímátù ló máa kọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíì tó máa ṣeré yín."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Ṣé o ò lè kọrin ni?"

"Ohùn tèmi? Bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ ni."

Wọ́n gbà á gbọ́. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ́wọ́ nìkan ló máa ń pa. Wọ́n pe Àlímátù padà.

"Ó mọ̀ pé bí kò bá sí mi, òun ò jámọ́ nǹkan kan," ni Àlímátù wí nínú mọ́tò bí Misturah ṣe ń gbé e lọ sí Jabi.

Nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ fún Èyítáyọ̀, wọ́n ní kó kọrin. Àlímátù ti ń dìde láti sọ̀rọ̀. Èyítáyọ̀ rí i.

"Kì í ṣe èmi ni mo kọ àwọn orin yẹn," ló wí. "Ẹni tó kọ wọ́n ló dìde yẹn. Àlímátù, ọ̀rẹ́ mi, máa bọ̀."

Gbogbo èrò dìde. Misturah di ìyá àgbà rẹ̀ mú gun orí pèpéle. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àlímátù ti tò sílẹ̀ ti pòórá.

"Màmá, ẹ kọrin fún wa!" ni àwọn èrò ń kígbe.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ díẹ̀, wọ́n hó yèè. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ há. Ó wúkọ́, ó tún gbìyànjú, kò jáde. Ó tẹrí ba.

Èyítáyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì gba orin náà níbi tó ti já, pẹ̀lú ohùn kan tó mọ́ gaara, tó dùn ju ti Àlímátù ìgbà èwe lọ.