Káàdì Inú Garawa

Ó rẹ Miran débi pé ìdúró lásán ti di iṣẹ́ sí i lára.

Ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó fa fìlà wálẹ̀, ó dúró nídìí tábìlì ṣọ́ọ̀bù orin kan ní àdúgbò Hongdae ní Kòríà.

Àwo orin karùn-ún tí ẹgbẹ́ olórin márùn-ún kan ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ya páálí rẹ̀, wọ́n ń wá káàdì inú rẹ̀ tí fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn olórin náà wà lára rẹ̀. Àwo gan-an, wọn ò bojú wò ó.

Káàdì tí wọn ò fẹ́, inú garawa ìdọ̀tí ni.

Miran bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Mọ́kànlá. Ojú kan náà ni gbogbo wọn: Narin.

Yunseul, ọmọ ilé-ìwé kan, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre! Ogún àwo ni mo rà kí wọ́n tó lè jẹ́ kí n gba ìbuwọ́lù àwọn olórin náà lókè lónìí, Narin ṣáá ló ń jáde!"

Ó ju òmíràn sínú garawa. Etí káàdì náà ti ya.

"Ṣé kò mọ orin kọ ni?" Miran bi í.

"Ta ló gbọ́ ọ? Láti àwo àkọ́kọ́, ìlà kan péré ni wọ́n ń fún un kọ."

Miran tún nawọ́ sínú garawa. Ó mú káàdì tó ya náà, ó lọ.

Lọ́sàn-án, Yunseul wà lókè. Àwọn olórin ń fọwọ́ sí àwo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé àga tó kẹ́yìn, ti Narin.

Narin, tí orúkọ rẹ̀ nílé ń jẹ́ Miran, fọwọ́ sí i. Ó wá yọ káàdì kan lápò, etí rẹ̀ ti ya.

"Àbúrò, o gbàgbé èyí nísàlẹ̀."