Òwú Pupa Létí Ọ̀já

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jogún iṣẹ́ ọwọ́ òbí yín, tí ẹ wá ń rò pé ẹ gbọ́n jù wọ́n lọ.

1.

Ìyá kan wà tó ń hun ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ìyá rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé náà: ọ̀já kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ará ilé ti kọ́kọ́ fi pọn nǹkan. Àpò iyanrìn kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó wúwo tó ọmọ ọdún méjì. Ìyá á gbé e pọ̀n, á fi ọ̀já tuntun gbà á mọ́ ẹ̀yìn, á rìn dé ẹnu títì, á sì padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ọ̀já náà bá dúró gbọin, á wá rán òwú pupa kan sí etí rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òwú pupa yẹn kì í béèrè nǹkan kan mọ́.

Àwọn aládùúgbò máa ń bá a ṣàwàdà. "Màmá Ọlọ́jàá, ẹ kú ọmọ pípọ̀n o! Ọmọ yín yìí kì í dàgbà ni?"

"Ọ̀lẹ ni," Ìyá á dáhùn. "Kò fẹ́ rìn."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú máa ń ti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ẹni tí wọ́n sọ ní Kíámọ́sá nítorí kò sí ohun tí kì í kánjú ṣe. Bó bá ti rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àpò iyanrìn lẹ́yìn, inú ilé ló máa ń sá wọ̀.

2.

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí Ìyá lè rìn dáadáa mọ́, ó fa iṣẹ́ lé Kíámọ́sá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọ náà mọ ọjà tà. Kò pẹ́ tí ilé ìtajà ńlá kan fi ní òun fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwòrán Ìyá, tòun ti àpò iyanrìn lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ sára páálí tí wọ́n máa kó àwọn ọ̀já náà sí.

Kíámọ́sá sáré lọ ra òwú lọ́wọ́ ẹni tí kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìdì kan nínú rẹ̀ ti rin lómi nínú ilé ìpamọ́, ó sì ti ń jẹrà láti inú. Ojú kò lè rí i. Àpò iyanrìn nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ahunṣọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ hun wọ́n tán, àgbà ahunṣọ inú wọn ní, "Àǹtí, a ò tíì fi ìkankan pọn nǹkan nínú àwọn wọ̀nyí o."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ta ló fẹ́ máa rìn lọ rìn bọ̀ bíi wèrè? Ẹ rán òwú pupa sí gbogbo wọn, ó tán."

Lọ́jọ́ náà, Ìyá béèrè láti orí ìjókòó rẹ̀: "Ṣé ẹ ti fi wọ́n pọn iyanrìn?"

"A ti fi pọ̀n ọ́n, Màmá. Gbogbo wọn pátá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

3.

Àbúrò Kíámọ́sá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ó yà sí ilé, ó mú ọ̀já kan lórí òkìtì, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ béèrè? Òwú pupa ṣáà wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ọkọ rẹ̀, ọ̀já já. Ọmọ já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣẹ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, níbi tí Ìyá àti Kíámọ́sá ti wá bá wọn, ìyá ọkọ Àbúrò na ọ̀já náà sókè. "Níbo lo ti rí jákujàku yìí?"

Àbúrò ń sunkún. "Ilé wa ni. Mo rí òwú pupa létí rẹ̀, mo rò pé wọ́n ti fi pọn iyanrìn."

Ìyá gba ọ̀já náà. Ó fi ìka tẹ ibi tó ti já, ó wo òwú pupa. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, níwájú ìyá ọkọ náà, obìnrin tí òun fi ọjọ́ orí jù lọ gan-an.

"Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ni òwú pupa."

Ó yẹ kí Kíámọ́sá sọ pé, "Èmi ni." Ìtìjú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò sọ ọ́. Nígbà tí Ìyá fẹ́ dìde tí kò lè dìde, Kíámọ́sá na ọwọ́ sí i. Ìyá wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ìyá ọkọ ló dì mú.

4.

Nílé, Kíámọ́sá fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. "Màmá, mo purọ́ fún yín."

"Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ lèyí," Ìyá ní. "Ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ lo purọ́ fún."

Nígbà tí ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ilé ìtajà dá gbogbo ọ̀já padà. Èyí tó dunni jù ni pé àwọn obìnrin tí Ìyá ti ta ọ̀já fún láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn wá, wọ́n ń béèrè pé, "Èyí ńkọ́? Ṣé ẹ fi pọn nǹkan lóòótọ́?" Ìyá gbé sísọ́ọ̀sì, ó sì gé òwú pupa kúrò lára gbogbo èyí tó kù nílé.

Láràárọ̀ báyìí, Kíámọ́sá ló ń gbé iyanrìn pọ̀n dé ẹnu títì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn aládùúgbò ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà wọn. Kò sẹ́ni tó ń kí i kú ọmọ pípọ̀n. Òwú pupa ṣì wà nínú àpótí Ìyá, kò sì tíì fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ta ọjà yín, kí ẹ sì là. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ju ohun tí ẹ bá nílé nù pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òun gan-an ni àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ ra ọjà yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kánjú. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ẹni tó pọ̀n ọ́n ló yẹ kó mọ̀. Ẹni tó bá sì sọ ilé nù, àpò ìyà ló so kọ́.