Debian Ràhámátù, Fedora Oyíndà

Ilé-ìwé kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ fẹ́ yan ètò ọ̀fẹ́ tí yóò máa darí gbogbo kọ̀ǹpútà wọn, ẹni tí tirẹ̀ bá sì wọlé ni yóò di alábòójútó. Ràhámátù mú Debian. Oyíndà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ kọ́ṣẹ́, mú Fedora.

Usamah, ọkọ Ràhámátù, bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ẹni tí yóò máa jókòó ti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Láfẹ́nwá bó bá rí iṣẹ́ náà. Ràhámátù ní Ọlọ́run á ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Usamah bá a gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde, ó ní kó má tún dán an wò mọ́, kí bátìrì má baà lọ sílẹ̀. Ó bá a dá ọ̀kadà dúró, ó sì ṣàdúrà fún un.

Oyíndà ló kọ́kọ́ ṣe. Dnf ni ìránṣẹ́ tó ń bá Fedora kó ètò wọlé. Oyíndà ní kó gbé ètò ìṣirò kan wá. Ó gbé e wá tòun ti gbogbo ohun tó gbára lé. Oyíndà ní kó kó gbogbo rẹ̀ padà. Ó kó o, nǹkan kan kò ṣẹ́ kù. Àwọn olùkọ́ mi orí.

Ọkàn Ràhámátù balẹ̀. Àká tí Debian ń kó ètò rẹ̀ sí kún ju ti Fedora lọ, ó sì ti da ohun tí yóò lò sínú dísìkì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òṣíẹ̀lẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún Oyíndà, ó lọ kírun Àìlà. Nígbà tó dé, ó rán apt, ìránṣẹ́ Debian, níṣẹ́.

Apt kọ̀. Ó ní òun kò dá òǹtẹ̀ orí ètò inú dísìkì náà mọ̀, bóyá ayédèrú ni. Ràhámátù tún rán an, ó tún kọ̀. Alhaja tó ni ilé-ìwé ní kí Oyíndà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí Ràhámátù dé ṣọ́ọ̀bù, Usamah ti nu àga rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó bi í ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tó lọ kírun. Ràhámátù ní Oyíndà ni. Usamah mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ràhámátù ò ti gbé ìpè Oyíndà mọ́, kò sì ṣí kọ̀ǹpútà náà.

Nígbà tó yá, Oyíndà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ràhámátù ò fi àga lọ̀ ọ́. Ó bi í ohun tó fi kọ̀ǹpútà òun ṣe. Oyíndà ò bá a jiyàn. Ó ní kó gbé e jáde, kí àwọn jọ wò ó. Wọ́n wò ó títí. Fáìlì tí apt fi ń dá òǹtẹ̀ mọ̀ ni ẹnì kan ti pa rẹ́.

"Kò sẹ́ni tó lè pa eléyìí rẹ́ láìmọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ," ni Oyíndà wí. "Èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Ta lo sọ ọ́ fún?"

Usamah nìkan ni Ràhámátù sọ ọ́ fún, lọ́jọ́ tó ń kọ́ ọ ní Debian kí wọ́n lè jọ máa jẹun nídìí iṣẹ́ kan.