Erùpẹ̀ Oko Bàbá Lánihùn

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń ka ìwọ̀n eruku àti gáàsì tó yí ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kan ká fún àwọn tó fi oko wọn pààrọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ wa. Ilẹ̀ ọ̀hún ò tíì sí o! Eruku yẹn ló máa di ilẹ̀ lẹ́yìn mílíọ̀nù ọdún.

"Eruku ti dín kù," ni mo wí lónìí.

Bàbá Lánihùn, tí ilé-iṣẹ́ wa ti da kọnkéré bo oko kòkó rẹ̀, dìde, ó tú ọ̀rá kan. Erùpẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Oko mi ni mo ti bù ú kí ẹ tó lé mi. Ọmọ mi, bá mi fi kún eruku yẹn."

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ já oníbàárà kulẹ̀. Mo wọn erùpẹ̀ náà, mo kọ rìsíìtì fún un. Ó súre fún mi. Mo sì ṣe àmín.