Ẹran Tí Alápatà Fi Ń Tọ́jú Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìyàwó yín.

1.
Alápatà kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Kò-Léegun, nítorí kì í ta eegun mọ́ ẹran fún ẹnikẹ́ni. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń pè é ní Abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àtàǹpàkò Abẹ́rẹ́ kò wọ ihò àlùmọ́gàjí mọ́. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó gbóná bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dín lára rẹ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹran ló máa wò ó."

Ó gbé èyí tó dára jù lórí tábìlì wálé. Láàárọ̀, ẹran. Lálẹ́, ẹran. Á sì jókòó tì í títí abọ́ á fi mọ́.

2.
Ọwọ́ náà ń wú sí i, ni wọ́n bá lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bi í ní ohun tó ń jẹ.

"Ìyá, a ò tíì mọ ohun tó fà á, ó sì lè má jẹ́ ẹran nìkan. Àmọ́ ẹran màlúù lápọ̀jù lè máa dá kún ìwúlé lára ẹlòmíì. Ẹ dín in kù. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹja àti ewébẹ̀. Kí ẹ sì padà wá o, ká lè mọ oògùn tó yẹ yín."

Kò-Léegun fò dìde. "Ìyàwó alápatà, kó máa jẹ ẹ̀wà? Ta ló máa ra ẹran tí ìyàwó mi ń sá fún?"

"Bàbá, ọwọ́ ni mò ń wò, mi ò wo ìsọ̀."

Wọn kò padà lọ.

3.
Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ kí ọkọ òun tẹ́. Ó ń jẹ ẹran náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ bá ti jáde, á ra oògùn ara ríro, á gbé e mì kó lè ránṣọ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ náà fi wú.

Ìgbà yẹn ni ọkọ rẹ̀ tó gbé e padà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní oògùn àlòjù yẹn ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ọkọ ń sunkún.

"Abọ́ lẹ jókòó tì," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ ò wo ọwọ́ mi."

Kò pẹ́ tó fi kú.

4.
Lẹ́yìn ìsìnkú, okùnrin kan wá sí ìsọ̀. "Kò-Léegun, gé èyí tó dára fún mi. Ara ìyàwó mi ò yá, oríkèé ń dùn ún."

Alápatà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí ni wọ́n wí nílé ìwòsàn?"

"A ò tíì lọ."

"Ẹ lọ ná. Ẹran mi ò ní sá lọ."

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, ẹran kì í ṣe ọ̀tá, àmọ́ kì í ṣe oògùn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín in kù, ẹ dín in kù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ padà lọ. Ẹ má fi oúnjẹ dí aláìsàn lẹ́nu. Ẹ bi í ní ibi tó ń dùn ún.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.