Ikọ́ Tí Bàbá Ládiméjì Gé Kúrò

Bàbá Ládiméjì ni ẹni kẹtàlélógójì lọ́jọ́ náà, ó sì ti rẹ Fẹ̀hìntọlá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tí ìjọba fi ń yẹ ohùn àwọn òkú wò débi pé kò gbójú sókè mọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá náà, ó gbé e lé ẹ̀rọ. Iná pupa tàn.

"Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ fáìlì yìí. Ìtẹ̀ka ẹ̀, àmì tá a fi ń dá fáìlì mọ̀, ò sí nínú ìwé ìjọba."

"Báwo ni ò ṣe ní mọ̀ ọ́n, ọmọ mi? Ohùn Àyọ̀ká ìyàwó mi ni, oríkì mi ló ń kì níbẹ̀. Ọdún tó ṣaláìsí ni mo ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbí."

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án látìgbà náà?"

"Ó wúkọ́ níparí ẹ̀. Mo gé ikọ́ yẹn kúrò, káwọn ọmọ-ọmọ má baà gbọ́ àìsàn lẹ́nu ìyá wọn àgbà."

Fẹ̀hìntọlá mí kanlẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ kí òkú wọn dùn ún gbọ́. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá yọ bíńtín lára fáìlì, ìtẹ̀ka rẹ̀ yí padà nìyẹn, ó di àjèjì. Kí ohùn ayédèrú má baà gbilẹ̀, òfin ní kí wọ́n pa àjèjì rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Èyí tó ní ikọ́ ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

Òfin ò ní kó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá jẹ́ kí ohùn náà jáde. Obìnrin náà ki ọkọ rẹ̀ títí, ó sì dákẹ́ lójijì. Bàbá bo ẹnu, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń wú u. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, bóyá yóò mọ̀ ọ́n wàyí.