Ikọ́ Ọkọ̀ Pupa

Ní ọjọ́ Àtìnní, ọkọ̀ Alhaji Àbdùlkàrímù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkọ̀ eré-ìje ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tí wọ́n ti ṣe nílẹ̀ Jámánì láti ọdún 1972. Ìgbà tí Alhaji ń ta sìmẹ́ńtì ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé, kò sì sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Ìlọrin. Lọ́dún 1994 yìí, tí àwọn ènìyàn ń tò fún epo bẹntiróòlù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà ló ṣì ń gbé lọ kírun Jímọ̀.

Olúdáre, awakọ̀ rẹ̀, ló wà á lọ sọ́dọ̀ Gàní mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnì kú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ibẹ̀. Ní oríta Post Office, àwọn ènìyàn bá a tì í.

"Tíṣà, arúgbó ọlọ́ṣọ̀ọ́ yìí tún ti gbé ìṣe rẹ̀ dé?" Gàní ló ń pè é ní tíṣà. Olúdáre ti kọ́ni rí ní Ọ̀mù-Àrán, kí wọ́n tó dá òun àti àwọn kan dúró níṣẹ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀.

"Alhaji ní kí n sọ fún yín," ni Olúdáre wí, "pé tó bá di Àlàmísì, òun fẹ́ mọ ohun tó bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, kí n máa lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, òun ò ní gbé ọkọ̀ kankan wá sọ́dọ̀ yín mọ́."

Gàní ò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló tún injẹ́ṣọ̀n ọkọ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo, ṣe lóṣù tó kọjá.

Ní Àtàláátà, ó gbé etí lé pọ́ọ̀ǹpù epo. Ó ń dún bó ṣe yẹ. Ó tú fílítà, ó mọ́. Ní Àlàrùba, ó tú àwọn nọ́sù tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnì, ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ìgò, ó ní kí Olúdáre yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wọn tu epo bí ìrì, ìkan ò ju ìkan lọ. Ó tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tó já.

"Injẹ́ṣọ̀n ò ṣe nǹkan kan," ni Gàní wí.

Ó kán epo inú ìgò kan sórí bébà funfun, ó gbé e sínú oòrùn. Bẹntiróòlù gidi ìbá gbẹ láìfi àmì sílẹ̀. Bébà náà gbẹ létí, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan kù sáàárín rẹ̀, bí ọ̀rá àkàrà.

"Kẹrosíìnì. Ó tó ìdajì. Ọkọ̀ oní-kábúrétọ̀, irú èyí tó pọ̀ nígboro, á gbé e mì, á máa rú èéfín lọ. Injẹ́ṣọ̀n kì í jẹ ìjẹkújẹ. Níbo lẹ ti rà á?"

Òfin kan ṣoṣo ni Alhaji fún un lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́: kò gbọdọ̀ ra epo ní ilé-epo aláwọ̀ ewé tó wà ní Challenge, bí ìlà ibòmíràn tilẹ̀ gùn dé Malete. Kò sọ ìdí rẹ̀. Olúdáre rò pé ìjà ilẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sátidé, ó tò fún wákàtí méje níbòmíràn, epo sì tán nígbà tó ku ọkọ̀ mẹ́rin níwájú rẹ̀. Ó bá yà sí Challenge.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Gàní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ bá mi sọ pé pílọ́ọ̀gì ni."

"Wallahi, n ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló fi pílọ́ọ̀gì sí i? Ṣebí èmi ni?"

"Mo lọ́mọ mẹ́ta, Bàbá Gàní."

"Èmi lọ́mọ márùn-ún. Ṣé ọmọ la fẹ́ máa kà ni? Ẹ lọ sọ òótọ́. Èmi náà máa lọ fẹjọ́ ilé-epo yẹn sùn. Sàní onítaasí ti tú ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, ó rò pé Ọlọ́hun ló ń dán òun wò."

Ní Àlàmísì, Alhaji jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Olúdáre dọ̀bálẹ̀, ó rò ó láìfi nǹkan kan pamọ́. Alhaji ò pariwo.

"Lítà mélòó lo rà?"

"Ogójì, sà."

"Báwo ni Gàní ṣe mọ̀?"

"Ó fi bébà dán an wò, sà. Ó ní kẹrosíìnì inú ẹ̀ tó ìdajì."

"Ìdajì," ni Alhaji wí. Ó fa ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà méjì. "Ta ló tún gbọ́?"

"Àwa méjì náà ni, sà. Ṣùgbọ́n Gàní fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn."

"Sọ fún un kó fi í sílẹ̀. Mẹkáníìkì ni, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn lórí. Èmi fúnra mi ni màá bá wọn sọ ọ́. Ìwọ, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Òótọ́ tó o sọ ló gbà ọ́."

Nígbà tí Gàní gbọ́, ó gbé sípánà sílẹ̀. "Ọlọ́hun á jẹ́ kí irú wọn pọ̀ láàárín wa."

Olúdáre ní, "Àmín."

Wọ́n fa epo inú táǹkì dànù, wọ́n da gidi sí i. Ẹ́ńjìnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kò sì wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaji nìkan wa ọkọ̀ pupa náà lọ sí Challenge, ó kọjá lára àwọn tó ń tò fún epo, ó gba ẹ̀yìn wọ ọ́fíìsì ilé-epo aláwọ̀ ewé, máníjà dìde fún un lórí àga, Alhaji jókòó síbẹ̀, ó sì sọ fún un pé kẹrosíìnì tó ń dà sí i ti pọ̀ jù, kó padà sí ìdá kan nínú mẹ́rin tí òun ní kó máa dà láti ìbẹ̀rẹ̀.